Ọjọ́ Tí Mo Pe Oríkì Rẹ Lórí Pápá

Ìsẹ́yìn,
Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Àmọ̀kẹ́, ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé orúkọ tí o rí lókè yìí ni yóò kọ́kọ́ dá ọ dúró. Ó di ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti pè ọ́ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Sìkírá ni mo ń pè ọ́, tàbí Ìyá Rọ́fíà láti ìgbà tí o ti bí ọmọ-ọmọ mi. Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Ara mi le. Ìyá rẹ náà ń bẹ, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé ṣé mo ti kọ "ohun yẹn". N kò tíì kọ ọ́. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

A gba lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń ná Ṣakí. Inú wa dùn pé o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà rẹ, pé ilé tí ẹ gbà ní kànga nínú ọgbà, àti pé ìlú ti mọ́ ọkọ rẹ lára. Alihamudulilahi. Mo ka lẹ́tà náà sókè fún ìyá rẹ, ṣùgbọ́n ibi méjì wà tí mo fò. Àkọ́kọ́ ni ibi tí o ti sọ pé o ti rí àwọn ọmọ tí wàá máa kọ́ ní lẹ́sìnnì nílé ní gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè. Èkejì ni gbólóhùn kan péré: "Wọ́n mú Rọ́fíà pé kó wá sáré fún ilé-ìwé wọn, mo sì sọ fún tíṣà rẹ̀ pé ọmọ mi kì í sáré."

Ọmọ rẹ kì í sáré? Rọ́fíà tí mo mọ̀ yìí? Ọmọ ọdún méje tó jẹ́ pé eré ló fi ń lọ pọnmi, eré náà ló fi ń gbé e bọ̀, tí ìdajì omi á ti dà sí i lára kó tó délé? Mo ka gbólóhùn yẹn títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì, nítorí mo mọ ibi tó ti wá. Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti ìwé. O mọ̀ pé kíláàsì kẹrin ni mo dé, ọwọ́ tó mọ aṣọ òfì hun kò fi bẹ́ẹ̀ mọ gègé dì mú, nítorí náà ṣe sùúrù bí ìlà mi bá wọ́. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún ọ lónìí. Ṣa èyí tó bá wúlò níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ Sátidé.

Nígbà tí ìwọ àti Múfú àbúrò rẹ ṣì kéré, n kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìsinmi. Aṣọ òfì ń tà nígbà náà, àwọn oníyàwó ń ti Ìbàdàn wá jókòó dè é. Bí mo bá ti kírun Àsùbáà tán, mo ti wọ abẹ́ àtíbàbà nìyẹn, ojú mi sí ara òwú, ẹ̀yìn mi sí àgbàlá, ó di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni mo ń dìde. Mo rò pé bàbá rere ni mí, nítorí ebi kò pa yín.

Lọ́jọ́ kan tíṣà Múfú ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀kan ní bàbá òun ga. Èkejì ní bàbá òun kọ ilà pélé. Ó kan Múfú, ó ní, "Bàbá mi ní àpá kan lẹ́yìn, lábẹ́ èjìká òsì." Tíṣà ní ojú rẹ̀ ńkọ́? Ọmọkùnrin náà ronú, ó ní kí tíṣà jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun sáré lọ wò ó wá. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mi ò rí òwú níwájú mi mọ́.

Ìyá rẹ kò bá mi wí. Ohun tó sọ kò ju báyìí lọ: "Bàbá Sìkírá, ẹ̀yìn yín làwọn ọmọ yín ń bá gbé." Nígbà tí Sátidé tó tẹ̀lé e dé, mo ta aṣọ bo òfì, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi jáde.

Ìwọ náà á rántí. Ìwọ lórí irin iwájú kẹ̀kẹ́, Múfú lẹ́yìn, ó di bùbá mi mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè. Ìyá rẹ á ti ṣíwájú lọ pẹ̀lú agbọ̀n oúnjẹ. Pápá ilé-ìwé la máa ń lọ láàárọ̀ Sátidé, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń fo òkè, tí wọ́n ń fa okùn. Èmi tí n kò mọ nǹkan kan nípa eré ìdárayá wá di olùkọ́ lójijì. Mo ń pariwo pé, "Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì gbá a!" bẹ́ẹ̀ ni n kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé mi. Àwọn bàbá yòókù tó wà níbẹ̀ náà kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa jọ ń parọ́ fún ara wa ni, inú wa sì dùn.

Tó bá di Sọ́ńdè, ó di oko nìyẹn, kì í ṣe oko iṣẹ́ o, oko fàájì. A ó gba ọ̀nà odò Ọ̀fìkì lọ. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ̀mi, èso igi òrí, pọ́n, ẹ ó wà lábẹ́ igi ẹ̀mi títí inú á fi máa run yín. Bí ó bá jẹ́ ìgbà èso igi igbá tí a fi ń ṣe irú, ẹnu yín á pọ́n rúsúrúsú, ẹ ó sì fẹ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ sí ara yín lójú. Ìyá rẹ á sun iṣu, á bu epo àti iyọ̀ sínú igbá kékeré. Obìnrin Fúlàní kan máa ń gbé wàrà kọjá láti gáà wọn, ó mọ orúkọ gbogbo yín, "Sikira" ló ń pè ọ́ láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Mo ṣì ń gbóòórùn iṣu yẹn, ọmọ mi. Mo jẹ iṣu lánàá, kò rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi nìyí: àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí o fẹ́ máa kọ́, kọ́ wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ta aṣọ bo iṣẹ́ rẹ ní Sátidé, kí Rọ́fíà rí ojú rẹ.

Èkejì, bí ẹ bá jáde tí ẹ kò mọ̀nà, ẹ béèrè.

Ṣé o rántí òkè Adó-Àwáyè? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. Mo ti ń fọ́nnu láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé mo mọ orí òkè náà bí àtẹ́lẹwọ́ mi, pé n ó fi adágún omi tó wà lókè yẹn hàn yín. Òótọ́ tí n kò sọ ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti gùn ún rí, nígbà èwe mi, ẹ̀yìn àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo sì ń tẹ̀ lé. A gùn ún, a rí omi náà, ó mọ́ lóló, Múfú sì ń béèrè ẹni tó pọn ọ́n débẹ̀. Ìgbà tí a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni wàhálà dé. Ìyá rẹ ní ká bi àwọn ará abúlé tí a rí. Mo ní, "Ṣé èmi lẹ fẹ́ júwe ọ̀nà fún?" Mo kó yín gba ẹ̀yìn òkè, sínú ẹ̀gún, títí okùn bàtà ìyá rẹ fi já.

Ìwọ lo wá rọra bi mí pé, "Bàbá mi, ṣé a ti sọnù ni?"

Mo ní, "A ò sọnù. Ọ̀nà ló gùn."

Àgbẹ̀ àgbàlagbà kan ló padà mú wa dé títì kí oòrùn tó wọ̀. Kò bá mi wí, ó kàn wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ, ó wò mí. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo yín ti sọ ọ̀rọ̀ mi di yẹ̀yẹ́. Bí ọbẹ̀ bá jóná, ìyá rẹ á ní kò jóná, ọ̀nà ló gùn. Bí Múfú bá gba ipò kẹtàdínlọ́gbọ̀n ní kíláàsì, á ní òun ò fìdí rẹmi, ọ̀nà ló gùn. Mo ń bá yín rín in, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ní ẹ̀gún nínú. Abéèrè kì í ṣìnà. Bàbá tàbí ìyá tó bá sọ fún ọmọ pé "mi ò mọ̀" tàbí "èmi ni mo ṣì í" kò tíì kéré. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lórí òkè, mo sì gbàgbé rẹ̀ lórí pápá ní ọdún méjì lẹ́yìn náà.

Ìyá rẹ tún ti yọjú. Ó ní ṣé mo ti dé ibẹ̀. Mo ti dé ibẹ̀.

O mọ bí mo ṣe tọ́ ọ. Láràárọ̀ ni wàá wá kúnlẹ̀ kí mi, èmi á sì pe oríkì rẹ: Àmọ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́ ọmọ aláṣọ òfì, Àmọ̀kẹ́ tí ń jí fẹ̀rín kí bàbá. Òfin mi ni pé ọmọ tí a bá ń pe oríkì rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí ìdúró, kò sì gbọdọ̀ dìde títí a ó fi pè é tán. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, o dáhùn lórí ìdúró lọ́jọ́ kan, mo sì jẹ́ kí o wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ìyá rẹ fi ro ọkà tán. O kò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo máa ń fi ọ́ yangàn láàárín àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ mi pé wọn ò tíì bí ọmọ tó mọ ìkúnlẹ̀ bí Àmọ̀kẹ́ tèmi.

Ọjọ́ ìdíje àwọn ilé-ìwé dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́. Wọ́n ti fi eérú fa ìlà yí pápá ká, gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin mẹ́fà lẹ fẹ́ sá a yípo lẹ́ẹ̀kan. Tíṣà fọn fèrè. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, o ti fi wọ́n sílẹ̀, aṣọ pupa rẹ nìkan ló wà níwájú. Gbogbo ènìyàn ń pariwo. Ìgbà tí o yọ ní ibi tí pápá ti ṣẹ́rí, níwájú mi gan-an, ayọ̀ gbé mi. Mo gbàgbé ara mi. Mo ké pé, "Àmọ̀kẹ́! Àmọ̀kẹ́ ọmọ aláṣọ òfì!"

O dúró. O yí sí mi, o fi orúnkún méjèèjì balẹ̀ lórí eérú, o ní, "Ẹ káàsán, bàbá mi."

Mo ń ké pé kí o dìde, ṣùgbọ́n oríkì ló ń jáde lẹ́nu mi. Bí mo ṣe fẹ́ kí o sá lọ tó ni mò ń pè é sí i, bí mo sì ṣe ń pè é sí i ni o ń tẹrí sí i, nítorí mi ò tíì pè é tán. Àwọn ọmọ márùn-ún ló kọjá lára rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ ló fi ìborùn rẹ̀ bò mí lẹ́nu: "Ẹ dákẹ́, Bàbá Sìkírá! Ẹ dákẹ́ kí ọmọ lè dìde!" Nígbà tí mo dákẹ́, o dìde, o gbọn eérú nù lórúnkún, o sì sá a parí. Ìwọ lo gbẹ̀yìn.

Pápá rẹ́rìn-ín títí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lu ara wọn léjìká. Ká ní mo bá wọn rẹ́rìn-ín ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n ìtìjú mú mi, mo bá wá ẹni tí mo máa gbé e lé lórí. Mo jágbe mọ́ ọ níwájú gbogbo wọn, mo ní, "Ta ló ní kí o kúnlẹ̀? Ṣé ọ̀dẹ̀ ni ọ́ ni?"

O wò mí. O ní, "Ẹ̀yin lẹ pè mí."

Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo lọ. Ẹsẹ̀ ni ìwọ àti ìyá rẹ fi rìn délé.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo lò lọ́jọ́ yẹn. Sátidé tó tẹ̀lé e, o ní orí ń fọ́ ọ. Èyí tó tún tẹ̀lé e, inú ń run ọ́. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ká aṣọ kúrò lórí òfì, mo jókòó sí i, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí pé kí ló dé. Múfú bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Obìnrin oníwàrà bi ìyá rẹ léèrè wa títí ó fi sú u. Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé wa ṣe tán, bẹ́ẹ̀ ni Sọ́ńdè wa ṣe tán. Èmi náà kò sì lè pe Àmọ̀kẹ́ mọ́. Bí ó bá ti dé ẹnu mi, màá rí orúnkún rẹ lórí eérú, màá wá pe Sìkírá.

N kò rántí iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà dé, ṣùgbọ́n èyí tó kù ló tóbi jù. Ẹsẹ̀ Rọ́fíà kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ. Má jẹ́ kí ó san ohun tí èmi jẹ ọ́. Kọ́ ọ kó máa kúnlẹ̀, mo ṣì fẹ́ràn ìkúnlẹ̀, ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kò dùn ún wò. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé bí òun bá wà lẹ́nu eré, ẹni yòówù kó pè é, bàbá ìyá rẹ̀ ni o, kábíyèsí ni o, kí ó parí eré rẹ̀ ná. Èmi ló yẹ kí n sọ fún ọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀, n kò kọ́ ọ ní ìgbà tí kò pọn dandan.

"Ohun yẹn" tí ìyá rẹ ń sọ nìyí. N kò rí bàbá kankan nínú ilé wa tó bẹ ọmọ rẹ̀ rí, nítorí náà n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bí mo bá ṣì í, fi orí jì mí. Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi lọ́jọ́ náà. O kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ọ lo ṣe, o sì ṣe é níwájú gbogbo ìlú láìtijú. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi, má bínú. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lórí pápá níbẹ̀, tàbí nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, tàbí lọ́jọ́ tí mo fà ọ́ lé ọkọ rẹ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọ̀nà ló gùn.

Orúkọ tí mo fún ọ ní ọgbọ́n tí èmi kò ní. Kí á mọ ọmọ, kí á tó kẹ́ ẹ. Mo kẹ́ ọ títí, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́ tó.

Lọ bá tíṣà Rọ́fíà, sọ fún un pé o ti yí ohùn padà. Bí ó bá sọ ọjọ́ ìdíje, fi ránṣẹ́ sí wa. Èmi àti ìyá rẹ á wọ mọ́tò wá sí Ṣakí. Mo ti ṣèlérí pé ibi ìlà ìparí ni n ó dúró sí, tí n ó sì pa ẹnu mi mọ́. Ìyá rẹ kò gbà mí gbọ́, ó ní òun á mú ìborùn òun dání. Tó bá di Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ ká wá odò kan lọ, ká sun iṣu níbẹ̀. Bá mi kí ọkọ rẹ. Sọ fún un pé bí a kò bá mọ̀nà, òun ni yóò béèrè.

Ó ku ohun kan. Òfin mi ni pé ọmọ kò gbọdọ̀ dìde títí a ó fi pe oríkì rẹ̀ tán. Ìyá rẹ bò mí lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn, n kò parí rẹ̀. Mo rò pé láti ìgbà náà lo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀.

Àmọ̀kẹ́. Àmọ̀kẹ́ ọmọ aláṣọ òfì. Àmọ̀kẹ́ tí ń jí fẹ̀rín kí bàbá. Àmọ̀kẹ́ ìyá Rọ́fíà.

Mo ti pè é tán. Dìde, ọmọ mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.